Mo Fọ Orin Àbúrò Mi Mọ́, Àṣírí Rẹ̀ sì Tú

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ yín, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Tí ẹ bá wá fẹ́ bú mi nígbà náà, kò burú, àwọn tó bú mi ṣáájú yín ti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni ìyá wa bí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bo àga. Tí awọ àga yín bá ya, tí fóòmù inú rẹ̀ bá ti rì, òun lẹ ó gbé e lọ bá. Ní tèmi, ibi iṣẹ́ mi ni àwọn èèyàn máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wá: ohùn ìgbéyàwó, ohùn ìwàásù, ohùn bàbá àgbà kan tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀. A ó gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì yọ gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò. Ìró fáànù, ikọ́, ajá tó ń gbó lẹ́yìnkùlé, gbogbo ẹ̀ ni mò ń yọ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Alágbàfọ̀. Kí n má parọ́ fún yín, orúkọ náà máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Àbúrò mi tún ń kọrin. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Bláàkì mẹ́tàlì, orin àwọn òyìnbó kan, ni wọ́n ń pe irú orin tó ń kọ. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ rí, ẹ sáà rò ó pé òjò ńlá ń rọ̀ sórí páànù, ẹnì kan ń fi ayùn rẹ́ irin nítòsí, ẹlòmíì sì fi ìka há ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò fẹ́ kó mọ́ rárá. Bó bá ṣe dọ̀tí tó ló ṣe ń dùn mọ́ wọn tó. Wọn kì í wá ibi tó dáa lọ láti gbà á sílẹ̀. Nínú yàrá tí ìyá wa ń kẹ́rù sí ni àbúrò mi ti gba tirẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú gìtá kan, ìlù kan tó ti lu, àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó tó gbé kalẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ohùn lè máa dún wòò.

Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ lọ́jọ́ gbogbo, títí dórí okùn bàtà. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Òkùnkùn. Ìyá wa a máa wò ó tó bá ń jáde láàárọ̀, a ní, "Ta ló kú lónìí?"

Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá bá mi nílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé e sínú kọ̀ǹpútà."

"Kò sí wàhálà. Màá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní fún ẹ."

Ó fò dìde lórí àga. "Háà! Ẹ má fọ nǹkan kan o! Bó ṣe wà yẹn gan-an ni mo fẹ́ ẹ."

"Pẹ̀lú gbogbo ariwo yìí?"

"Ariwo yẹn gan-an ni orin náà."

"Ó dáa, mo ti gbọ́."

"Ẹ búra."

"Èmi lo ní kí n búra? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí tí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ẹ̀ bó?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́. Òun kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbì kankan, torí pé ọwọ́ mi ló ń gbé e sí.

Kí ẹ tó lè mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe burú tó, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan wà nílùú wa tó ń ta irú orin wọ̀nyí. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Tó bá gba orin ẹnì kan, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Láti bí ọdún mélòó kan ni àbúrò mi ti ń wá ẹni tó máa gba tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ní kó lọ tún un ṣe. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Gbé e wá ká gbọ́." Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ àbúrò mi ò kanlẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì tó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá, níbi iṣẹ́, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, mo fi ẹ̀rọ bo etí mi, mo tẹ orin náà.

Áà. Ṣíìììì ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe yín tí ẹ bá rí fọ́nrán òwú lára aṣọ ẹni tó jókòó níwájú yín? Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Mo ní kí n kàn yọ ṣíì yẹn nìkan. Ta ló máa mọ̀? Mo yọ ọ́. Bí mo ṣe yọ ọ́ tán ni mo gbọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ò dáa, mo yọ òun náà. Mo nu gìtá títí tó fi ń dán, mo fún ìlù ní àyè kó lè mí. Inú mi ń dùn. Mò ń sọ lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí mo dé orin kẹta ni ohùn àbúrò mi jáde ketekete látinú igbe náà. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ rí pé ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Mo rò pé ó kàn ń ké ni. Ohun tó ń sọ rèé:

"Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ,
Yàrá wa di ihò.
Mo ti dàgbà, mo ti hu irùngbọ̀n,
N ò tíì lè sùn láìtan iná."

Omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń lo tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi wọlé dé, ó ní, "Alágbàfọ̀, kí ló dé?"

"Eruku ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ òótọ́ tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi pàápàá. Mo ṣì lè dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo máa tẹ̀, ariwo náà á sì padà sórí ìjókòó rẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe torí pé orin náà mọ́ o. Torí pé èmi ni wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ ni. Ọkọ mi èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ yìn mí, "Ó dáa" ló máa ń sọ, ó parí. Ó wù mí kí gbogbo ayé gbọ́ pé ẹnì kan wà tó ń sunkún mi.

Kí n kúkú jẹ́wọ́ tán: níbi tó ti sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi," mo gbé ohùn náà sókè díẹ̀.

Mo fi í ránṣẹ́ tààrà sí Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, mo sì pe àbúrò mi.

"Ó ti dé ọwọ́ wọn."

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé mo lè fọkàn tán yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ká tó ṣẹ́jú, ó tún ti pè mí. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ní òun ò ní gbọ́ ọ ṣáájú. Ní ọ̀sán Sátidé, kí gbogbo wa wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ká jọ gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀. Màmá náà láwọn ń bọ̀."

"Màmá? Kí ni Màmá ń wá lọ síbẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn ìyá wa lẹ́yìn. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí. Mo fẹ́ lọ gbọ́ ọ níwájú."

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní ọ̀nà kan ló kù, torí mo ti pa kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì yẹn ò lè dá nǹkan kan padà mọ́: kí n wá kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn, kí n tún un gbé wọlé bó ṣe wà, kí n sì sọ fún Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì pé èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní àbùkù. Mo lọ síbi tábìlì mi. Kásẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í padà wá gba kásẹ́ẹ̀tì wọn. Nítorí náà, tí a bá ti gbé ohùn inú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tán, a ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà kọjá lórí irin mágínẹ́ẹ̀tì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á sì pa rẹ́. Lẹ́yìn náà la ó jù ú sínú àpótí àwọn tó ṣófo. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í wo ọwọ́ wa mọ́ tá a bá ń ṣe é.

Mo ṣí àpótí náà. Kásẹ́ẹ̀tì àbúrò mi ló wà lókè pátápátá. Mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró. Kò sí gìtá, kò sí ìlù, kò sí òjò. Nígbà tí mò ń fi ọwọ́ kan nu omijé mi lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kejì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìbi mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé mo wá lọ sọ òótọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lọ. Mo ní bóyá wọn ò ní fura. Bóyá yóò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn. Èèyàn tó bá ti wọnú irọ́ kì í fẹ́ rí ẹnu ọ̀nà.

Sátidé pé. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì tóóró, kásẹ́ẹ̀tì kún ara ògiri títí dé òkè àjà. Àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi méjì ti wà níbẹ̀, nínú aṣọ dúdú: ọ̀kan ń kun ọkọ̀ lọ́dà, Akunkọ̀ ni wọ́n ń pè é, èkejì jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò. Ìyá wa jókòó síwájú nínú aṣọ òféfèé rẹ̀, báàgì lórí itan, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun. Àbúrò mi ò lè jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń rí títí dòní.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́.

Gìtá jáde, ó ń dán. Ìlù tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Akunkọ̀ wo òkè àjà. Tíṣà wo bàtà rẹ̀. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, bíi pé ibẹ̀ ni àléébù náà wà.

"Ó mọ́ o," ló sọ níkẹyìn. "Ó mọ́ bí ilé ìwòsàn."

"Ó dùn," ni ìyá wa wí. "Kí ló dé tí o kì í kọ ọ́ báyìí nílé?"

Ẹ̀rín ti kúrò lójú àbúrò mi. Ibi tí orin náà ti ń jáde ló tẹjú mọ́.

Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ká mu omi, ṣùgbọ́n orin náà ò dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ náà jáde ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ọkọ. Irùngbọ̀n. Iná.

"Láìtan iná?" Tíṣà ló béèrè, ó rọra béèrè ẹ̀.

Akunkọ̀ ti kọjú sí ògiri. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọ̀gá Òkùnkùn!" ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá wa lu itan. "Abájọ! Abájọ tí iná yàrá ẹ kì í kú! Mo rò pé ìwé lò ń kà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì gbá àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan dànù. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín tí èèyàn máa ń fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ rín ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò rín. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó pa orin náà, ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọ̀ ọ́."

"Kì í ṣèmi. Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wa ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀ nígbà míì."

Tíṣà ìṣirò yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n bá a pàdé lọ́nà, gbé ojú sókè. "Ẹ má bínú mà. Ṣé ẹ̀rọ náà ló tún gbé ohùn sókè níbi tí wọ́n ti dárúkọ yín nìkan?"

Ilẹ̀ ò lanu. Mo retí ẹ̀ o, kò lanu.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ní ká má jẹ́ kó di ìjà. "Ẹ sáà gbé kásẹ́ẹ̀tì gangan wá, ọ̀rọ̀ parí."

"Ẹ gbé e fún wọn," ni àbúrò mi wí.

"Mo ti pa á rẹ́."

Mo rò pé á ké. Ẹni tó ń fi igbe ṣe orin, kí ló tún kù tí kò ní ké? Kò ké. Ó rọra sọ ọ́ débi pé díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́.

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí mò ń sọ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe lè sọ ọ́."

Ó jáde. Ìyá wa ti dákẹ́ ẹ̀rín. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí, o ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jáwọ́."

Látọjọ́ yẹn, àbúrò mi ò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó sọ mí di "mà." "Ẹ káàárọ̀ mà." "Ẹ ṣeun mà." Bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà. Ẹni tí kò bá ní àbúrò kò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń ta èèyàn lára tó. Mo tún gbọ́ pé Akunkọ̀ gbé páálí àbẹ́là lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò mi ti ń bo àga, ó ní kó lè rí nǹkan lò tí iná bá lọ. Èmi ni mo fà á.

Mo wá ọ̀nà tí màá fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo fi gé awọ ọ̀kan nínú àwọn àga pálọ̀ wa, mo gbé e lọ.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀." Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka tọ ojú ibi tó ya. "Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé èyí mà."

"Ológbò ló fà á ya."

"Ẹ ò ní ológbò mà."

Mo jókòó sórí ìdì fóòmù kan. Ó ti sú mi láti máa parọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan ibi tí mo ti gbé ohùn sókè. Mo ní, "Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ pé o fẹ́ràn mi."

Ó ń fa òwú jáde lára àga náà, kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ti ayé ṣe?"

Mo ṣì ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Tí ìkankan nínú yín bá ní àbúrò, ọmọ tàbí ọkọ tó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe dún létí yín, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó tún orin náà gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gbé e lọ fún Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé e jáde lóòótọ́. Èmi náà lọ ra tèmi bíi gbogbo èèyàn.

"Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ," ni Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì sọ bó ṣe ń fi í sínú ọ̀rá fún mi. "Ó dájú pé ẹnì kan múnú bí i gidigidi." Kò wò mí lójú.

Mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ nílé, mo jókòó tì í. Ọkọ mi yọjú láti yàrá. "Ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ ló fẹ́ bàjẹ́?" Mo ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣíì wà, òjò wà, igbe wà, orin kẹta sì ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan wà tí mo gbé e sínú báàgì lọ síbi iṣẹ́. Kí n má parọ́ mọ́, mo gbé e jáde sórí tábìlì. Mo wò ó títí. Mo dá a padà sínú báàgì.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi gbé àga mi wá, orin náà ló ń dún nínú pálọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àga lórí, ó ń gbọ́.

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Ṣé orin mi ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà ńbẹ̀."

"Kí lo wá ń sọ nípa mi báyìí?"

Ó sọ àga kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀. Ẹ̀rín díẹ̀ ń yọ létí ẹnu ẹ̀.

"Ariwo ni, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ yí i sókè."